Lẹ́búlẹ́bú Irin, Olè Inú Ṣọ́ọ̀bù

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí àwọn ọmọ Yorùbá ń dá ní ìlú Mínnà. Irin tí ń bọ́ oníṣẹ́ ni lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́.

Láti nǹkan bí ọdún 1911 tí ojú irin tí ó ti Èkó wá ti pàdé ti Bárò sí Kánò ní Mínnà ni ìlú náà ti jẹ́ oríta àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ó sì di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger ní ọdún 1976, iṣẹ́ tún pọ̀ sí i fún àwọn wẹ́dà, àwọn tí ń fi ẹ̀rọ léètì tún irin ọkọ̀ ṣe àti àwọn tí ń gẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rọ ni oko ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀. Bí ó bá kú, kò sí ilẹ̀ bàbá nítòsí tí olúwa rẹ̀ yóò yà sí. Onílé ń béèrè owó, àwọn ará ilé sì ń retí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá kú, ẹnìkan a ní iná mànàmáná ni ó bà á jẹ́. Ẹlòmíràn a ní ẹni tí ó ta ògbólógbòó ẹ̀rọ fún òun ni ó rẹ́ òun jẹ. Ẹlòmíràn tilẹ̀ a máa fura sí aládùúgbò pé ọwọ́ ayé ni. Lóòótọ́, iná kì í dúró déédéé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ yìí kan náà ni Kàǹjì àti Ṣíróró wà. Síbẹ̀, nígbà púpọ̀, abẹ́ ẹ̀rọ ni olè náà wà, ó dúdú, ó sì kúnná bí àtíkè.

Àgbẹ̀dẹ àtijọ́, ìbáà ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá tàbí ti àwọn Núpé ní Bídà, owú, ọmọ owú àti ẹwìrì ni irinṣẹ́ ibẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú kò lè fi bẹ́ẹ̀ pa wọ́n lára. Ti òde òní yàtọ̀. Òkúta tí ẹ̀rọ fi ń lọ irin le ju irin lọ. Bí ó ti ń yí ni òun náà ń fọ́, tí ó ń dà pọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú irin. Bí àdàlù yìí bá bọ́ sínú òróró ara ẹ̀rọ léètì, yóò máa ha irin díẹ̀díẹ̀, títí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò fi ní gún mọ́. Fáànù inú ẹ̀rọ a tún máa fà á wọlé sáàárín wáyà. Irin sì máa ń gbé iná: ẹ̀rọ lè jó, iná sì lè gbé ẹni tí ó dì í mú. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku rẹ̀ a tún kún un.

Àwọn kan yóò ní ṣọ́ọ̀bù kò láàyè. Ṣùgbọ́n owó tápólì kan kò tó owó ẹ̀rọ tuntun. Ìta, tàbí ẹ̀yìn tápólì, ni ó yẹ kí wọ́n ti máa lọ irin, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé e padà sórí ẹ̀rọ. Kí aṣọ tí ó nípọn bo ẹ̀rọ tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Òòfà inú rédíò tí ó ti kú wúlò púpọ̀: bí wọ́n bá fi ọ̀rá wé e, tí wọ́n sì fi í ra ara ẹ̀rọ, yóò kó lẹ́búlẹ́bú irin jọ, bí wọ́n bá tú ọ̀rá náà, gbogbo rẹ̀ yóò dà nù. Idẹ kọ́kọ́rọ́ kì í tẹ̀lé òòfà. Búrọ́ọ̀ṣì ni tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, nítorí inú bẹ́ẹ̀rìn àti ojú ènìyàn ni yóò sá wọ̀. Kí wọ́n nu òróró àtijọ́ kúrò kí wọ́n tó kán tuntun sí i. Kí oníṣẹ́ sì bo imú rẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀fóró kò ní ààrọ̀ lọ́jà.

Ọwọ́ àwọn ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ yìí wà jù lọ. Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ sọ ọ́ di òfin pé ọmọṣẹ́ tí kò bá mọ bí a ti ń tọ́jú ẹ̀rọ kò ì tí ì kọ́ṣẹ́ tán, àti pé kò gbọdọ̀ gba òmìnira. Ọ̀gá tí ó bá fi ìmọ̀ yìí lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́ ti fún un ní ohun tí yóò fi gbé ìdálẹ̀ pẹ̀lú iyì.