Nípa Ilé Ìsinmi ní Etí Òkun



Ní ọjọ́ àríyànjiyàn tí a ṣe kẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní bí Ọlọ́run bá fún òun ní owó, ohun tí òun yóò kọ́kọ́ fi ṣe ni kí òun ra ilé kan sí etí òkun ní Ilaṣẹ, níbi tí òun yóò ti máa lọ simi nígbà tí ilé-ìwé bá wọ ìsinmi. A rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ bí àpò akẹ́kọ̀ọ́ ti rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, a rí i pé púpọ̀ nínú wa ni ó ti fi ọkàn bá a dé ibẹ̀. Agogo lù kí a tó lè fèsì. Èsì wa nìyí.

A kò sọ pé ìsinmi burú. Ẹni tí ó ti dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán mọ̀ pé ara kì í ṣe irin. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ní purọ́ pé òkun kò dára ní wíwò. Àwa tí a bí sí Ọ̀wọ̀ àti sí agbègbè Ọ̀sẹ́, láàrin òkè àti igbó, odò Ọ̀sẹ́ ni omi ńlá tí a mọ̀. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí òkun lẹ́yìn Àgbádárìgì, a kò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n a kíyèsí ohun kan. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì, tí a parí ní 1845, tí a sì ń pè ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ọ̀sà ni ó kọjú sí, kì í ṣe òkun. Àgbádárìgì pàápàá fi ọ̀sà àti ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí àárín òun àti ìgbì; ọkọ̀ ni a wọ̀ kí a tó dé etí òkun. Àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó kò ṣàìmọ̀ pé òkun lẹ́wà. Wọ́n mọ ohun mìíràn pẹ̀lú.

Ìmọ̀ náà ni pé etí òkun kì í dúró sójú kan. Ní ẹkùn wa, ìgbì ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ní ojoojúmọ́, èyí tí ó bá lọ, òmíràn a ti ẹ̀yìn wá dí àyè rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì to òkúta sí ẹnu èbúté Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé, òkúta wọ̀nyí dá iyanrìn náà dúró. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ń sanra. Ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, ń rù, òkun sì jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí a fi kọ́ ògiri ńlá ti Eko Atlantic síbẹ̀. Àwọn ará Okun Alfa, tí wọ́n wà níwájú sí i ní ìlà-oòrùn, sì ń ké pé òkun ń gba ilé àwọn. Nítorí náà ẹni tí ó bá fi òkúta dáàbò bo ilé ìsinmi tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wo ẹni tí ó wà ní ọwọ́ ìlà-oòrùn rẹ̀ lójú dáadáa. Àkàwé ilé orí iyanrìn, gbogbo wa ni a ti kọ́ ọ nígbà tí a wà ní kékeré. A kò ní tún un sọ níhìn-ín.

Ní ìpínlẹ̀ wa gan-an, ẹ wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947. Ẹrẹ̀ ni etí òkun ibẹ̀, kì í ṣe iyanrìn funfun, bóyá ìdí nìyẹn tí olùsọ̀rọ̀ wa kò fi dárúkọ rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀ níbẹ̀: gbogbo ìlú ni ó ni ohun gbogbo. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, wọ́n sì tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tí ó tóbi jù wọ́n lọ kò tí ì ní i. Lónìí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti ọ̀nà wọn lọ, wọ́n sì ń sún sẹ́yìn. Àwọn yẹn kò ní ibòmíràn. Kí ni àwa tí a ní ibòmíràn ń wá?

Bí omi kò bá sì gbà á, ìjọba lè gbà á. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà. Ní oṣù keje 1990 ni a wó Màrókò, tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn kò sì rí ibi sùn. Ní oṣù kìn-ín-ní 2020 ni a lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Tarkwa Bay kúrò. Ní 2024, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etí òkun láti Èkó lọ sí Calabar, a wó ibi ìgbafẹ́ àwọn ọlọ́rọ̀ pẹ̀lú. Ẹ ṣàkíyèsí pé tálákà ni ó máa ń kọ́kọ́ kúrò.

Olùsọ̀rọ̀ wa ní òun yóò máa fi ilé náà háyà nígbà tí òun kò bá sí níbẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n òwò nìyẹn, kì í ṣe ìsinmi. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ yóò mú kí páànù dógùn-ún, ẹ̀rọ amúnáwá yóò bàjẹ́, olùṣọ́ yóò béèrè owó oṣù, ọkọ̀ ojú omi ni a ó sì fi gbé gbogbo sìmẹ́ńtì débẹ̀.

Ohun tí ó dùn wá jù lọ kò tilẹ̀ sí ní etí òkun. Nígbà tí a lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni, a rán àwa méjì lọ sí ìlú kan ní agbègbè Ọ̀sẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wá yàrá. Ilé dáradára pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pàápàá wà, ṣùgbọ́n àgádágodo ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. A tọ ìyá àgbà kan lọ, a dọ̀bálẹ̀, a ní, “Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, a gbọ́ pé kọ́kọ́rọ́ ilé wọ̀nyí wà lọ́wọ́ yín.” Ó ní, “Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni ó wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò ni ilé kankan nínú wọn. Ìgbà Kérésìmesì ni wọ́n ń wá. Bí a bá ti ṣe ọdún tuntun tán, wọn a lọ.” Ó ṣí ọ̀kan hàn wá láti gbá a. Ikán ti jẹ àjà, àdán sì wà nínú yàrá. Inú kíláàsì ni a sùn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú: ilé wà tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí àfi bí ọdún Igogo bá dé. Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ simi oko. Àwa ti sọ ọ́ di ilé tí ẹnikẹ́ni kì í bọ̀ sí. Ọmọ wa tí ó ní ilé títì kan ní Èkó àti òmíràn ní Ìdóàní, tí ó tún ń wá ẹ̀kẹta sí Ilaṣẹ, ta ni yóò máa bá a gbé inú wọn?

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òkun, kí ó lọ. Kí ó san owó yàrá alẹ́ méjì fún ará ibẹ̀, kí ó jẹ ẹja tútù, kí ó sì padà. Pẹ̀lú owó tí ó kù, kí ó fi yàrá méjì kún ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí tíṣà àlejò máa gbé ibẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, títí òun tìkára rẹ̀ yóò fi dé. Ilé tí ènìyàn ń dáná nínú rẹ̀, ikán kì í tètè jẹ ẹ́.

A mọ̀ pé olùsọ̀rọ̀ wa kò ní gba gbogbo èyí. A ti bá olótùú sọ ọ́, àyè sì ti wà fún èsì rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa tí ń bọ̀.