Ta Ni Yóò Dáná Lọ́jọ́ Sátidé?

Ọ̀rọ̀ òṣèlú tí mo ní n ó parí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí ó sinmi ná. Àwọn olóṣèlú kò ní í sá lọ, ibi tí a fi wọ́n sí náà ni a ó ti padà bá wọn. Ọ̀rọ̀ ilé kan ni ó dé bá mi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri nínú, n kò mọ ẹni tí n bá sọ ọ́ fún bí kì í bá ṣe ẹ̀yin.

Ọkọ àbúrò mi obìnrin ni ó pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ọmọlúwàbí ni. Láti ìgbà tí ó ti fẹ́ àbúrò mi, kò pè mí rí nítorí ọ̀rọ̀ ìjà. Nítorí náà, nígbà tí ó kí mi tán tí kò béèrè bóyá iná wà, tí kò béèrè iye tí wọ́n ń ta epo, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ níkùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi kìlọ̀ fún àbúrò yín kí ó tó pa ara rẹ̀."

Mo ní kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ó ní Ìyá Ìbejì ti sanwó ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní triathlon. Wọn yóò kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, bí wọ́n bá ti jáde nínú omi wọn yóò fò sórí kẹ̀kẹ́ ológeere, bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ wọn yóò máa fi ẹsẹ̀ sáré, gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, láìsí ìsinmi láàárín. Ó ní ó ti lé ní oṣù kan tí obìnrin náà ti ń jí ní aago márùn-ún ìdájí. Bí kò bá sí ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́, orí kẹ̀kẹ́ ni ó wà. Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fi máa ń jókòó jẹun pọ̀, òun àti àwọn ọmọ nìkan ni ó kù tí wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò wá máa dáná lọ́jọ́ Sátidé?"

N kò ní í purọ́ fún yín, ẹ̀yìn ọkọ ni mo wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni àbúrò mi. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí méjìlá-méjìlá. Àwọn ìbejì rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Èyí tí ó sì bà mí lẹ́rù jù ni ti omi. Ọmọ Ìbàdàn ni wá. Ilé tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ohun tí odò Ògùnpa fi ojú àwọn ènìyàn rí ní oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ wa pé omi ṣe é bá ṣeré. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ Ìlàjẹ ni wá, tí a ti ń tu ọkọ̀ kí eyín wa tó yọ tán, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Ọmọ Mọ́kọ́lá wo ni ó ń wá omi kiri ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì?

Mo pè é lọ́jọ́ kejì, mo gbé ohùn ẹ̀gbọ́n wọ̀. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, kí ni mo gbọ́ yìí?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, wọ́n ti fẹjọ́ mi sùn yín." Nígbà tí mo wí tẹnu mi tán, kò bá mi jiyàn. Ìbéèrè kan péré ni ó bi mí. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹni ọdún mélòó ni Màmá nígbà tí wọ́n ṣubú nínú ilé ìdáná?"

Ẹnu mi wọlẹ̀. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni ìyá wa nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi wà lórí ìdùbúlẹ̀, àbúrò mi yìí ni ó sì ń yí wọn sọ́tùn-ún sósì, tí ó ń wẹ̀ wọ́n. Níbẹ̀ ni ó ti mú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí: pé ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi eré wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, 158 lórí 100 ni ẹ̀rọ náà kọ. Wọ́n tún un wọ̀n, ibẹ̀ náà ni ó wà. Dókítà fún un ní oògùn, ó sì ń lò ó títí di òní. Kò sọ pé eré ìdárayá ti rọ́pò oògùn. Ṣùgbọ́n ó ní òun ń wo àwọn tí wọ́n ń gbé wọ inú wọ́ọ̀dù òun lóru, tí ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ mọ́, ojú Màmá ni òun sì ń rí lójú gbogbo wọn.

Mo ní kí ni ó dé tí kò kàn máa rìn káàkiri àdúgbò? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ọ́ ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tí kò le jù, ìrìn kánmọ́-kánmọ́ sì wà nínú rẹ̀. Èwo ni ti omi àti kẹ̀kẹ́? Ó ní, "Bọ̀dá mi, ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń sọ pé n ó máa rìn. N kò rìn. Ọjọ́ tí mo sanwó ìdíje ni mo tó dìde." Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni nínú wa tí kò mọ irú àìsàn yẹn?

Mo lọ wádìí ohun tí wọ́n ń pè ní triathlon yìí. Ní ìlú San Diego ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe èyí tí ayé òde òní mọ̀ bí àkọ́kọ́, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974. Ní oṣù kejì ọdún 1978, ọ̀gá ológun ojú omi kan tí ń jẹ́ John Collins àti ìyàwó rẹ̀, Judy, da ìdíje mẹ́ta tí ó le jù ní erékùṣù Hawaii pọ̀ sójú kan: ìlúwẹ̀ẹ́ nǹkan bí 3.8 kìlómítà, kẹ̀kẹ́ 180 kìlómítà àti eré ẹsẹ̀ 42 kìlómítà. Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ láti Èkó dé Ìbàdàn kò tí ì gùn ún tó o. Ènìyàn 15 ni ó bẹ̀rẹ̀, 12 ni ó parí rẹ̀. Gordon Haller tí ó ṣe ipò kìíní lò ju wákàtí mọ́kànlá lọ. Èyí ni ó di Ironman, tí wọ́n sábà máa ń fi wákàtí 17 fún olúwarẹ̀ láti fi parí. Sísítà ìjọ Kátólíìkì kan, Madonna Buder, parí irú rẹ̀ ní Kánádà ní ọdún 2012, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 82. N kò sọ fún Bàbá Ìbejì.

Ti àbúrò mi kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Kékeré rẹ̀ ni: 750 mítà nínú omi, 20 kìlómítà lórí kẹ̀kẹ́, 5 kìlómítà lórí ẹsẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ẹ̀rù ọkọ ṣe ẹ̀sín. Ìwádìí kan tí àwọn dókítà gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2017 ka ìṣẹ̀lẹ̀ 135, láàárín ọdún 1985 sí 2016, níbi tí ẹni tí ó ń kópa nínú ìdíje yìí ti kú tàbí tí ọkàn rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Nínú 135 náà, 90 jẹ́ inú omi. Òótọ́ ni pé bí a bá pín in, kò tó ènìyàn méjì nínú 100,000, ọkùnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn, pàápàá àwọn tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó ń lọ sínú omi tí kò mọ̀, kì í ṣe òpònú bí àyà rẹ̀ bá já. Mo bi àbúrò mi bóyá dókítà rẹ̀ mọ̀. Ó ní ó mọ̀, ó ti yẹ ọkàn òun wò, kí òun tó sanwó ni.

Kí òun tó sanwó! Ó ti sọ fún dókítà, kò sọ fún ọkọ. Ibẹ̀ ni mo ti bá a wí gidigidi, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń rí àkókò náà, nítorí ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ nìyẹn. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni láti bá a tọ́jú ọmọ. Ó ta káàdì ọkọ̀ ojú irin nù, ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ìrìn tí ó pọn dandan kí ó rìn tẹ́lẹ̀ ti di ìgbáradì. Àwọn ìbejì ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dípò kí ó jókòó máa wò wọ́n, òun náà bọ́ sínú omi ní apá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí òun ki ojú bọ omi kí òun máa fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde bí ọmọ ọwọ́, àwọn ọmọdé tí kò tó ìdodo òun sì ń kọjá fìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi kọ́ ọ kí ó tó lè la omi 25 mítà já láìdi nǹkan mú. Ọgbọ̀n irú rẹ̀ ni 750 mítà.

Ti irun tún wà níbẹ̀. Fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ lásán kò gba irun dídì. Ní ọdún 2021, ṣáájú Òlíḿpíìkì Tokyo, àjọ tí ó ń ṣàkóso ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé kọ fìlà Soul Cap tí wọ́n ṣe fún irun àwa aláwọ̀ dúdú, ó di ọdún 2022 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọdún 2021 yẹn kan náà ni Alice Dearing di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó lúwẹ̀ẹ́ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Òlíḿpíìkì. Àbúrò mi ní fọ́tò rẹ̀ ni òun lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì, ó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ìwé oúnjẹ àwọn ọmọ.

Èyí tí ó kù ni ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ náà ni ó fi ń gun kẹ̀kẹ́ jìnnà, tí ó sì ń sáré lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, kí ara lè mọ bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ tí òun ṣe é, ńṣe ni ẹsẹ̀ òun dà bí ẹsẹ̀ tí òun yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọjọ́ Sátidé yìí ni ọkọ ń jà sí, ìdí rẹ̀ sì ni mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyàwó mi, kí ó lè bá mi dá a.

Ìyàwó mi ń gún iyán lọ́wọ́. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó ní, "Bàbá Ṣadé, ìwọ ńkọ́? Ta ni ó ń dáná lọ́jọ́ Sátidé nínú ilé yìí?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù àárọ̀ Sátidé kò ṣe é fi dù mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwa ẹgbẹ́ mi ti ń gbá a. Aago mẹ́fà ni mo ń jáde. Bí a bá gbá a tán, a ó jókòó ti pẹpẹ súùpù, a ó tún ìjọba Nàìjíríà tò láti Àríwá dé Gúúsù. Ó di ọ̀sán kí n tó wọlé, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì. Nínú ogún ọdún náà, ìyàwó mi kò fi ọjọ́ kan pe ẹ̀gbọ́n mi kí ó wá kìlọ̀ fún mi. N kò rí èsì fọ̀. Mo jẹ iyán mi.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, mo pe ọkọ àti ìyàwó pọ̀ lórí fóònù. N kò dá ẹjọ́, ìdúnàádúrà ni a ṣe. Àbúrò mi tọrọ àforíjì pé òun kò sọ kí òun tó sanwó. Ọkọ rẹ̀ ní òun kò ní kí ó má ṣe é, òun kàn fẹ́ mọ ìgbà tí yóò wọlé. A fi í sí aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀. Mo sì kan án nípá fún un pé bí ó bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, kò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi kan kan títí yóò fi sùn, nítorí ó ti jẹ́wọ́ fún mi pé òun ti tòògbé lórí kẹ̀kẹ́ rí, lójú títì ọlọ́kọ̀. Ìyẹn kò sí nínú ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sùn mí, òun ni ó sì burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ Sátidé di oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá Ìbejì ní òun lè se ẹ̀wà. Àwọn ọmọ ní irọ́ ni.

Ní oṣù keje ni ìdíje náà wáyé. Bàbá Ìbejì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo wo ibi tí àbúrò mi ti ń jáde nínú omi, ó kù díẹ̀ kí ó ṣe ìkẹyìn, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, fìlà ńlá lórí rẹ̀. Ẹni tí ó di fóònù mú kò jẹ́ kí àwòrán dúró rárá, ó ń pariwo, "Ìyá Ìbejì, kẹ̀kẹ́ ń bẹ lápá ọ̀tún, apá ọ̀tún!" Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ó fi parí rẹ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 128 lórí 82, dókítà sì ní kí ó máa lo oògùn rẹ̀ lọ. Ó ní òun ń wo ti ọdún tí ń bọ̀, èyí tí ó jẹ́ 1,500 mítà, 40 kìlómítà àti 10 kìlómítà, irú èyí tí wọ́n fi kún Òlíḿpíìkì ní Sydney ní ọdún 2000. Mo bi í bóyá ó ti sanwó. Ó ní rárá o, òun yóò kọ́kọ́ sọ fún Bàbá Ìbejì lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, mo ń wo fóònù mi.