Kí ẹ tó fòfin de gáàsì ìyá alámàlà

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sá, kó tètè sá báyìí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń gbé e mì, kò lọ mọ́.

Ẹnì kan gbé fídíò sórí TL níjọ́sí. Ó dúró sí kíṣìnì rẹ̀ nílùú òyìnbó, ó tan kúkà oníná, ó gbé ìkòkò kékeré kan lé e, omi hó kíákíá, ló bá kọjú sí wa: gáàsì ló ń pa yín, kí ìjọba Nàìjíríà fòfin dè é, pàápàá ní búkà àti ilé oúnjẹ, kí gbogbo wa máa fi iná mànàmáná dáná. Ó ní ṣebí Amẹ́ríkà ti ń ṣe é. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tún wá sábẹ́ ẹ̀, ó ní àwọn ará Òkè-Ògùn ló burú jù, kí wọ́n fòfin de èédú wọn náà, kí ọ̀rọ̀ parí.

Ó parí lóòótọ́. Kí la ó wá máa fi dáná? Atẹ́gùn?

Ọmọ Ṣakí ni mí. Àmàlà ni màámi ń tà. Èyí tẹ́ ẹ mọ̀ mí sí, pé mo máa ń ya fídíò èlùbọ́ àti aṣọ òkè Ìsẹ́yìn, owó àmàlà ló ra fóònù tí mo kọ́kọ́ fi yà á. Nítorí náà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ iná ìyá olóńjẹ, ẹ ti wọ ilé wa nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àga.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Amẹ́ríkà, torí òun lẹ fi ń halẹ̀ mọ́ wa. Ìlú Berkeley ní California ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí lọ́hùn-ún, ní 2019: kí wọ́n má fa páìpù gáàsì wọ ilé tuntun mọ́. Ilé tuntun ni mo wí o. Kò sẹ́ni tó wọ kíṣìnì ẹnikẹ́ni lọ yọ kúkà ẹ̀. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn olóńjẹ ibẹ̀, California Restaurant Association, gbé ìlú náà lọ sí kóòtù lọ́dún yẹn gan-an. Wọ́n ní iná tó ń jó lójú àwọn ni àwọn fi ń yan ẹran, òun làwọn fi ń din nǹkan. Ní oṣù kẹrin 2023, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn láre. Nígbà tó di 2024, Berkeley fúnra ẹ̀ gbà láti fagi lé òfin náà.

Ìpínlẹ̀ New York ṣe tiẹ̀ ní 2023. Mo lọ wo àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n yọ ọsibítù sílẹ̀. Wọ́n yọ ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ tà sílẹ̀. Wọ́n tún ní ibi tí wáyà iná ò bá ti lè gbé ẹrù náà, kí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ ná. New York lẹ wí yẹn o, ibi tí iná kì í ṣẹ́jú. Wọ́n ronú kan ìyá olóńjẹ tiwọn, wọ́n ronú kan wáyà tiwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kó òfin náà bọ̀ wá sílé, ibi tó sọ nípa wáyà ni ẹ gbàgbé sí pápákọ̀ òfuurufú.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ti iná.

Gbogbo iná tí Nàìjíríà tíì pèsè lọ́jọ́ tó dáa jù láyé ẹ̀, kò ju nǹkan bíi 6,000 megawatt lọ. Àwa tá a lé ní igba mílíọ̀nù là ń pín in. Ìlú New York nìkan a máa jẹ ju 10,000 lọ lọ́jọ́ tí ooru bá mú. Hot plate kan tó lágbára díẹ̀, 2,000 watt ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé kaakuléétọ̀ fóònù yín jáde. Tí ilé mílíọ̀nù kan péré ní gbogbo Nàìjíríà bá tan ẹyọ kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ nígbà kan náà, 2,000 megawatt nìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo iná orílẹ̀-èdè, ká tiẹ̀ tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná.

Gírìdì tẹ́ ẹ sì fẹ́ gbé ẹrù yìí lé lórí nìyí: ní oṣù kẹwàá 2024, ó wó lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ kẹrìnlá, ó wó. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó wó. Ọjọ́ kọkàndínlógún, ó tún wó. Kí ọdún náà tó parí, ó ti wó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. Kò tíì sí ẹni tó fi dáná o, fáànù àti fóònù là ń fi í ṣe.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé, kí ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iná Nàìjíríà? Gáàsì ni! Omi ń ṣe tiẹ̀ ní Kainji, Jebba àti Shiroro, ṣùgbọ́n gáàsì ló ń yí ẹ̀rọ Egbin l'Ékòó àti ti ọ̀pọ̀ ibòmíì. Ohun tẹ́ ẹ wá ń sọ ni pé kí wọ́n sun gáàsì l'Ékòó, kó di iná, kí iná máa rìn lórí wáyà gba inú igbó, kí díẹ̀ ṣòfò lọ́nà, kí èyí tó ṣẹ́ kù tó dé Ṣakí wá gbóná ìkòkò màámi. Kí ló dé tí a ò kúkú ní sun gáàsì náà lábẹ́ ìkòkò?

Ti owó ńkọ́? Àwọn oní-Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí ogún lójúmọ́ fún, wọ́n gbé owó tiwọn láti náírà 68 lọ sí 225 fún yúnítì kan ní oṣù kẹrin 2024. Ká ní iye yẹn ni màámi ń san, tó ń lo hot plate méjì fún wákàtí mẹ́fà, yúnítì mẹ́rìnlélógún nìyẹn: náírà 5,400 lójúmọ́, kó tó ra èlùbọ́, kó tó ra ẹran, kó tó sanwó fún ọmọ tó ń fọ abọ́. Bẹ́ẹ̀, àdúgbò wa ò sí ní Band A rárá. Band Ẹ-Fojú-Sọ́nà la wà. Tí iná bá sì dé, nígbà míì á pupa bí ojú ọ̀mùtí, gílóòbù á máa wo èèyàn bí ẹni tí oorun ń kùn.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ò ro àmàlà rí, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àmàlà títà kì í ṣe omi tíì. Aago márùn-ún ìdájí ni màámi ń gbé omi kaná, ìkòkò tí ọmọ ọdún méjì lè wẹ̀ nínú ẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ hó yaya kó tó da èlùbọ́ sí i. Tó bá ti da èlùbọ́ sí i, kò sí ẹ jẹ́ ká dúró ná. Á fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ìkòkò, á ki ọmọ orógùn bọ̀ ọ́, á máa rò ó, iná á ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà á ta omi gbígbóná díẹ̀ sí i, á dé e, á dín iná kù lójú ẹsẹ̀ kó lè jinná láìjóná. Gáàsì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu: yí i sókè, ó sókè, yí i sílẹ̀, ó sílẹ̀. Hot plate tí ń ṣe bí ẹni tó ń bínú, tó o bá pa á, á ṣì máa gbóná. Tí NEPA bá wá mú iná lọ nígbà tí èlùbọ́ wà nínú omi? Kókó ni gbogbo ẹ̀ máa dà. Èlùbọ́ ṣòfò, àwọn oníbàárà sì ti jókòó, awakọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn ti ń wo aago. Ẹ fẹ́ kó máa bá a ṣe eré NEPA ní aago mẹ́fà àárọ̀?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ sí ara wa nípa èédú, torí mi ò wá síbí láti wá gbè lẹ́yìn èédú.

Ẹ rin ojú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, ẹ gba Òtu, ẹ gba Àgọ́-Àárẹ́, ẹ kọjá sí Ìgbòho àti Kíṣí. Àpò èédú tó tò sí etí ọ̀nà, ẹ ò ní ka iye ẹ̀ tán. Ìbàdàn àti Èkó ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ń lọ, kí ẹ lè jẹ súyà àti àgbàdo sísun. Igi tó tó kílò márùn-ún sí mẹ́wàá ni wọ́n máa ń sun nínú ebè kó tó fún èèyàn ní èédú kílò kan. Àyìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Nígbà tí àyìn di ọ̀wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi òrí. Igi tí àwọn ìyá ìyá wa ń ṣa èso abẹ́ ẹ̀! Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n dá kíkó èso òrí tí wọn ò tíì fún sókè òkun dúró fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa ṣe é di òrí nílé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi òrí tó ti di èédú, èso wo ló fẹ́ so?

Èmi náà jẹ nínú owó yẹn. Lọ́dún tí mo wà ní ìpele kẹta ní yunifásítì, iṣu ò ta, bàbá mi pe àwọn elédùú wá sí oko wa. Igi òrí mẹ́rin ni wọ́n gé. Owó ilé-ìwé mi nìyẹn. Mi ò lè wá jókòó síbí kí n máa pe ẹni tó ń sun èédú ní ọ̀tá igbó, nígbà tí sáàtífíkéètì mi ń rùn èéfín.

Ohun tí mo mọ̀ ṣá ni pé èéfín kì í ṣeré. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn ní 2020. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni màámi fi igi àti èédú dáná. Mo mọ ikọ́ rẹ̀ láàárín ikọ́ ogún èèyàn. Ní 2021 ó dara pọ̀ mọ́ àjọ, ó kó àjọ náà, ó ra síìlíńdà ńlá kan àti kúkà irin. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo délé, mo gbọ́ tó ń kọrin nídìí ìkòkò. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ láti kékeré.

Gáàsì ò mọ́ tán o, ẹ má sọ pé mo ní ó mọ́. Ó ń tú nitrogen dioxide sínú ilé, kò sì dáa fún ọmọ tó ní ikọ́ fée, pàápàá nínú kíṣìnì tí fèrèsé ẹ̀ wà ní títì nítorí òtútù, bíi ti ẹni tó ṣe fídíò. Búkà màámi ò ní ògiri ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Ó sì ń bú gbàmù tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìjọba máa yẹ síìlíńdà wò, kí wọ́n lé àwọn tó ń rọ gáàsì láàárín ilé kúrò níbẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba gáàsì lọ́wọ́ ìyá alámàlà l'Ókè-Ògùn, kì í ṣe sórí iná mànàmáná ló ń tì í lọ. Ìdí ààrò ló ń dá a padà sí.

Ẹ̀rí wà. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2025, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ PENGASSAN daṣẹ́ sílẹ̀ torí ìjà tó wà láàárín àwọn àti Dangote. Ọjọ́ mélòó kan péré. Gáàsì wọ́n, owó ẹ̀ fò sókè, níbòmíì kílò kan lé ní náírà 2,000. Ẹ sì rántí pé ohun tó bá wọ́n l'Ékòó, ó tún wọkọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo pe màámi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń wúkọ́.

"Màámi, ẹ ti padà sídìí èédú?"

"Àṣàkẹ́, kí n máa ta àmàlà fún gáàsì ni?"

Kò sí ìjọba tó ṣòfin kankan. Owó ló fòfin de gáàsì nílé wa, ó sì múlẹ̀ ju èyí tí Berkeley ṣe lọ.

Torí náà tí ẹ bá ní okun láti pariwo, ibi tó yẹ kí ariwo yín lọ nìyí. Ní oṣù kẹwàá 2024, mínísítà gáàsì, Ekperikpe Ekpo, kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, gáàsì ìdáná tí wọ́n bá ṣe níbí ò gbọdọ̀ jáde mọ́, àfi tí wọ́n bá kó iye kan náà wọlé. Wọ́n ti yọ VAT lórí ẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Kí ló dé tí màámi ò rí i lára kílò kan? Ẹ bi wọ́n. Ẹ bi wọ́n ìdí tí iná gáàsì fi ń jó dànù lójú ọ̀run ní Niger Delta lálaalẹ́, tí obìnrin Ṣakí sì ń fẹ́ èédú. Ẹ bi ìjọba ìpínlẹ̀ wa ìgbà tí ibi ìkógáàsìpamọ́ ńlá máa wà l'Ókè-Ògùn, kí ìyá olóńjẹ lè máa san owó síìlíńdà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń dá àjọ. Iná mànàmáná náà ń bọ̀, a fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fa omi kànga, kó mú fíríjì ẹlẹ́ja tutù, kó má sì lọ fún oṣù mẹ́ta gbáko ná. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni wá bá màámi sọ̀rọ̀ hot plate.

Sí ẹni tó ṣe fídíò: mi ò bá ọ jà. Tó o bá wálé ní Kérésì tàbí Iléyá, wá sí Ṣakí, gbé kúkà oníná rẹ dání. Aago márùn-ún ìdájí la ń bẹ̀rẹ̀. Màámi á fún ọ ní ọmọ orógùn, èmi á ya fídíò ẹ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ra èlùbọ́ tìẹ wá. Èyí tó wà nílẹ̀ ò ṣe é fi dánwò.