OWÓ TÍ WỌ́N FI ORÚKỌ WA GBÀ, INÚ ỌJÀ NI KÍ WỌ́N TI ṢÍRÒ RẸ̀

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń sọ lábẹ́ ẹnu. Ó tó àkókò kí a sọ ọ́ síta.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn kan wá bá wa ní ìsọ̀ aláta. Wọ́n ní NGO ni àwọn. Wọ́n kọ orúkọ wa, wọ́n ní ká tẹ̀ka sórí fọ́ọ̀mù, wọ́n ya fọ́tò èmi àti igbá ata mi. Wọ́n fún wa ní bisikí àti ẹlẹ́rìndòdò. Títí dòní, n kò gbúròó wọn mọ́. Ta ló fún wọn lówó? Èló ni? Kí ni wọ́n kọ pé mo gbà? Ìka mi wà nínú ìwé náà, n kò sì mọ ohun tí mo fọwọ́ sí!

Ẹ wo alájọ wa. Lójú wa ló ń sàmì sí káàdì. Bí oṣù bá pé, á yọ owó ọjọ́ kan tó jẹ́ tirẹ̀, á kó ìyókù fún wa. Bó bá ṣì í kà, gbogbo ọjà á gbọ́. Ẹni tó ń gba owó táṣẹ́rẹ́ ń jíyìn. Kí ló dé tí ẹni tó gba mílíọ̀nù nítorí wa kò fẹ́ jíyìn?

Wọ́n á ní òyìnbó ló fún àwọn lówó, òyìnbó ni àwọn ń jíyìn fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ dání tọrọ owó, ṣé kì í ṣe ọmọ náà ló ni owó? Wọ́n á tún ní ìyá ọjà kò mọ̀wé. Ẹni tó ra ọjà láti òkè Ọya, tó san owó ọkọ̀, tó yọ èyí tó bàjẹ́, tó sì mọ èrè orí apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìṣírò wo ni kò mọ̀?

Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 sọ pé owó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èrè tí wọ́n lè pín láàárín ara wọn. Lọ́dọọdún, láti ọjọ́ 30 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, wọ́n gbọ́dọ̀ kó ìwé ìjábọ̀ lọ sọ́dọ̀ CAC. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kì í dé Òkè-Ajé.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni mo ń bú o. Ní 1999, nínú ìlú wa yìí, a jókòó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́, Ètò Ìṣàkóso Ìlú ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì kín in lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń gbógun ti ìṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ti jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabógùnjẹ́, tó di olóògbé ní 2022, ló léwájú. Kábíyèsí Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wàjà ní 2025, dúró tì í. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n ń yá lówó, nítorí ẹgbẹ́ mọ ẹni tó ń san gbèsè. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Olóyè Bísí Ògúnlẹ́yẹ dá COWAN sílẹ̀ ní 1982. Orí èsúsú tí àwọn obìnrin ti mọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ lé. Èyí tó bá mú wa mọ́ra, tó fi ọgbọ́n wa ṣiṣẹ́, òun ni à ń fẹ́.

Ní oṣù kìíní 2025, Ààrẹ Trump dá owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà dúró. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù keje, USAID kógbá sílé. Owó dín, àwọn tó ń wá a kò dín. Wọ́n á tún wá ya fọ́tò wa. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò:

1. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ka kí wọ́n tó ka ìwé náà fún un ní Yorùbá: ta ló fowó sílẹ̀, èló ni, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.

2. Kí ènìyàn méjì láti ọjà wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà.

3. Kí wọ́n wá ṣírò rẹ̀ ní ìpàdé wa, kí wọ́n sì lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ara ògiri ọjà.

Àwa náà ńkọ́? Ẹlòmíràn yá owó, ó ní "owó òyìnbó ni," kò san án mọ́. Ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ló jẹ yẹn. Owó ẹgbẹ́ tiwa gan-an, nígbà wo la ṣírò rẹ̀ kẹ́yìn? Ká ṣírò tiwa ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹnu wa lè gbà á láti bi wọ́n.

Ọjà á tà o. A ò ní rí àdánù.

Ọ̀kan nínú yín, ìsọ̀ aláta.