Ọmọ Tí Ó Ń Béèrè Ilé Bàbá Rẹ̀

Ní ọdún tó kọjá, obìnrin kan tí wọ́n gbé lọ sí ilẹ̀ Faransé ní ọmọ ọdún mẹ́ta kọ̀wé sí mi. Kétu ni wọ́n bí i sí, ó sì fẹ́ mọ ilé tí òun ti ṣẹ̀. Mo dá a lóhùn kíákíá pé kí ó máa bọ̀ wá kí àwọn àgbà. Àṣìṣe gbáà ni mo ṣe. Nígbà tí ó dé, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni pé: «Kí ni o wá gbà?» Omijé ni ó bá padà.

Ẹ̀yin ará, ìwé ni ó yẹ kí ó ṣáájú ẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi adoption plénière sọ di ọmọ ní Faransé, ìwé ìbí rẹ̀ tí ó wà ní Nantes kì í dárúkọ òbí tí ó bí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè ẹ̀dà kíkún, tí kò gba àyọkà lásán, yóò rí ilé ẹjọ́ tí ó dájọ́ náà àti ọjọ́ tí ó dá a. Okùn tí yóò fà nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti dájọ́, kí ó kọ̀wé sí akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ náà. Kí ó kọ orúkọ àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, ọjọ́ àti ibi ìbí, orúkọ àwọn tí ó sọ ọ́ dọmọ, kí ó sì so ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ mọ́ ọn. Mo ti jókòó sídìí tábìlì ìjọba pẹ́: ìwé tí ó wí pé «ẹ bá mi wá òbí mi» a máa sùn síbẹ̀. Èyí tí ó bá gbé nọ́ńbà ìdájọ́ wá, akọ̀wé á mọ àpótí tí yóò ṣí.

Ẹ̀tọ́ wà lẹ́yìn ìbéèrè náà. Abala 30 nínú Àdéhùn La Haye, 29 oṣù karùn-ún ọdún 1993, ní kí ìjọba tọ́jú ohun tí ó mọ̀ nípa orírun ọmọ, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ rí i níwọ̀n tí òfin ilẹ̀ náà bá gbà. Togo àti Bẹ̀nẹ̀ ti wọ àdéhùn yìí. Ní Faransé, òfin 22 oṣù kìíní ọdún 2002 dá àjọ CNAOP sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí.

Àwa ńkọ́? Ẹ̀rù ogún ni ó ń bà wá. Síbẹ̀, adoption plénière ti já okùn láàárín ọmọ náà àti ẹbí tí ó bí i. Kò lè jogún wọn mọ́ lábẹ́ òfin. Ohun kan ṣoṣo tí òfin kò já ni èèwọ̀ ìgbéyàwó láàárín ìbátan. Ta ni yóò wá sọ fún un pé ọkùnrin tí ó ń fẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, bí a bá pa ẹnu mọ́? Ní Kétu, ilé márùn-ún ni ó ń jọba, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní oríkì tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò ní oríkì nínú àpótí. Ọwọ́ àwọn ìyá àgbà wa ni ó wà, wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti oyè, àwọn afọbajẹ ni kí ẹ bi, kì í ṣe èmi.

Obìnrin náà ti rí ẹ̀dà kíkún gbà. Ìwé rẹ̀ ti wà ní ilé ẹjọ́ báyìí. Mo ti tọ baálé ilé kan lọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé bí ó bá padà wá, omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún un mu.