Ta Là Ń Pàtẹ́wọ́ Fún Lórí Alùpùpù?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, èrò pé jọ ní Èkó, wọ́n ń dúró de ọkùnrin kan tó gun alùpùpù bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Kúnlé Adéyanjú ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ló ti gbéra, òun nìkan, lórí Honda CB500X. Ó gba Faransé, ó gba Sípéènì, ó sọdá omi sí Mòrókò, ó la aṣálẹ̀ já dé Mauritania àti Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gba Gáànà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wọlé. Ọjọ́ 41 ló lò, ọ̀nà tó rìn sì lé ní kìlómítà 12,000. Kì í ṣe afẹ́ lásán o: owó ló ń bá ẹgbẹ́ Rotary wá fún ìjà wọn pẹ̀lú àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Àwa tí a wà lókè òkun ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp bí ẹni pé ọmọ ìyá wa ló gba ife-ẹ̀yẹ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ mìíràn fi gba ìgboro. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, òfin tí Gómìnà Babajídé Sanwó-Olú kéde bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ọ̀kadà ò gbọdọ̀ rìn mọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà l'Ékòó, títí kan Ìkẹjà, Súrùlérè àti Apápá. Òfin náà nídìí. Inú oṣù Karùn-ún yẹn kan náà ni àwọn ọlọ́kadà kan pa ọ̀dọ́kùnrin kan ní Lẹ́kí, inú sì bí gbogbo ayé. Síbẹ̀, ẹ wo bó ṣe rí: láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìlú kan náà fi ijó pàdé alùpùpù kan, ó sì fi katapílà rún àwọn yòókù wómúwómú.

Kí ló ya méjèèjì sọ́tọ̀? Òfin ìrìnnà tí Èkó ṣe ní 2012 ti fi nọ́ńbà dáhùn tipẹ́: alùpùpù tó ń kó ẹrù ránṣẹ́, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tó 200cc, kò sí nínú èyí tí wọ́n lé. 471cc ni ti Honda Adéyanjú. Ọ̀kadà tó ń gbé ìyá alátà lọ sọ́jà, 100cc ni púpọ̀ nínú wọn. Àmọ́ ẹ̀rọ kọ́ ni ìgboro ń pàtẹ́wọ́ fún, ènìyàn ni. Ẹni tó ń gùn ún fún ìgbádùn, akọni ni lójú wa. Ẹni tó ń gùn ún kó lè jẹun, ìyọnu ni. Ojú yìí ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n, nítorí ẹsẹ̀ mi kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èkejì wà l'Abẹ́òkúta, mo sì ń gun alùpùpù níbí.

Nígbà tí mo ra tèmi, tí mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, Màámi pè mí kíákíá láti Ìtọ́kò l'Abẹ́òkúta.

“Ọmọ mi, ṣé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ ni?”

“Rárá, Màámi. Mo kàn ń fi ṣeré lópin ọ̀sẹ̀ ni.”

“Ṣeré? Lórí ọ̀kadà? Ilẹ̀ tí mo tà kí o fi lè dé Ìlú Ọba ńkọ́?”

Kò sí ohun tí mo sọ tó wọ̀ wọ́n létí. L'Abẹ́òkúta, ọ̀kadà ni ohun tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí gbogbo ọ̀nà bá dí: akẹ́kọ̀ọ́jáde tí kò ríṣẹ́, télọ̀ tí iná ìjọba kò jẹ́ kó ránṣọ, bàbá tí iléeṣẹ́ rẹ̀ kógbá wọlé. Ọmọ ẹni kì í lọ sókè òkun lọ bẹ̀rẹ̀ ohun tí kò wu ará ilé.

Níbí, afẹ́ ni. Bí oòrùn bá yọ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ dé Ace Cafe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì North Circular. Ẹ ó bá àwọn baba arúgbó nínú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń fi alùpùpù han ara wọn. Láti 1938 ni ibẹ̀ ti wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fìgbà kan wà ní títì. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá gágá nínú wọn, á gun alùpùpù tirẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ òkun ní Folkestone, á dúró tì í nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 35, á sì bọ́ sí Faransé. Láti ibẹ̀, ó lè gba Jámánì lọ sí Ọ́sítríà, kó sọ̀ kalẹ̀ sí Ítálì lọ gun òkè Stelvio, tó ga ju mítà 2,700 lọ, tí kọ́nà kọ̀ǹdọ̀rọ̀ 48 wà ní apá kan rẹ̀ nìkan. Bó bá ti wọ Faransé tán, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tún dá a dúró ní ẹnubodè. Pátákó aláwọ̀ búlúù kan ni yóò sọ fún un pé ó ti dé ìlú mìíràn. Àwa tí a ń lo ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé la kọ́kọ́ ń tò fún físà.

Àmọ́ kí ará Òyìnbó tó gun òkè, ó ti gun ìwé. Láti 1990 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti pa á láṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gun alùpùpù gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní CBT. Pápá ilé-ìwé tí ọmọ kò sí ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Olùkọ́ á ní kí o ka nọ́ńbà ọkọ̀ kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, kó lè mọ̀ bí ojú rẹ ṣe rí. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa to kóònù sílẹ̀: wọ́n á ní kí o yí po bí nọ́ńbà 8, kí o tẹ bíréèkì lójijì láì ṣubú, kí o bojú wẹ̀yìn lórí èjìká kí o tó yà. Tí ó bá tẹ́ olùkọ́ lọ́rùn, ẹ ó jáde sí títì, ó kéré tán fún wákàtí méjì, olùkọ́ á máa bá ọ sọ̀rọ̀ nínú rédíò etí. Ìwé tí wọ́n á fún ọ, ọdún méjì ló máa ń lò. Kò gbà ọ́ láyè láti gbé èrò, kò sì gbà ọ́ láyè láti gun márosẹ̀ ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ gun alùpùpù ńlá tààrà láì gba ìpele, àfi kó tó ọmọ ọdún 24. Akoto tí wọ́n ń dé sórí ti di dandan láti 1973. Faransé tún fi ìbọ̀wọ́ kún un ní 2016.

Báwo la ṣe ń di ọlọ́kadà l'Abẹ́òkúta? Pápá ilé-ìwé náà ni. Ọ̀rẹ́ á jókòó sẹ́yìn rẹ nírọ̀lẹ́, á ní, “Tẹ kílọ́ọ̀ṣì, jù ú sí wáànù, rọra fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.” O ṣubú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rẹ́rìn-ín, o tún dìde. Lọ́jọ́ kejì, o ti wà ní Pánṣẹ́kẹ́, o ń kígbe “Kútọ̀! Kútọ̀!” Ẹni tó ni ọ̀kadà ń retí owó ojoojúmọ́ rẹ̀, àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ń retí tiwọn, ẹlẹ́po kò sì gba àwìn, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní 2023, tí jálá kan fò láti nǹkan bíi náírà 190 kọjá 500.

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ tó di ọlọ́kadà báyìí ń ṣe. Abẹ́ òkúta ni ìlú wa jókòó sí. Ọ̀nà ibẹ̀ ń gùn, ó ń sọ̀. Mo ti rí i tí ọlọ́kadà kan ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ṣápọ́n, tó pa ẹ́ńjìnnì kó má baà jẹ epo, tí obìnrin tó pọnmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, tí àpò gàrí wà níwájú lórí táǹkì, tó sì ń fi ìka ẹsẹ̀ yẹra fún kòtò. Bí ará Òyìnbó bá ṣe ìdajì èyí lórí Stelvio, wọn á fi í ṣe fíìmù. Ìgboyà kò wọ́n l'Abẹ́òkúta. Ohun tó wọ́n ni kóònù, olùkọ́ àti akoto.

Bàbá àwọn arìnrìn-àjò wa pàápàá kò lo ẹ̀rọ ńlá. Vespa ni Ọlábísí Àjàlá gbé kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1957 tó fi rin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tó sì kọ ìwé rẹ̀ jáde ní 1963. Olóyè Ebenezer Obey, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí ní Ìdógò, ló wá fi orin gbé orúkọ rẹ̀ débi tí kò lè parẹ́ mọ́. Títí dòní, ọmọdé tí kò mọ ìtàn Àjàlá ń pe ẹni tí kì í gbélé ní Àjàlá.

Bí mo ṣe dárúkọ akoto yẹn, ẹnì kan á ní a ti gbìyànjú òfin rẹ̀ rí. Òótọ́ ni. Wọlé Ṣóyínká, ẹni tó dàgbà ní Aké l'Abẹ́òkúta, ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, ìlú yìí sì yẹ kó fi ààbò ojú ọ̀nà ṣe tirẹ̀. Nígbà tí àjọ náà wá sọ akoto di dandan ní oṣù Kìíní 2009, àwọn ọlọ́kadà níbòmíràn ní Nàìjíríà dé igbá, wọ́n dé ìkòkò, kí wọ́n lè gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kọjá. Ọ̀pọ̀ èrò kò jẹ́ gba akoto lọ́wọ́ wọn: òmíràn ń sá fún àrùn awọ orí, òmíràn ń sá fún oògùn. A fi í ṣẹ̀fẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kadà ń sọ nǹkan kan fún wa. Akoto tó dára wọ́n ju owó iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan lọ, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó tì wọ́n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ìyà ni òfin náà fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lónìí, ẹ̀kọ́ ni ẹni tó fẹ́ gun alùpùpù fi ń bẹ̀rẹ̀.

Kí n má parọ́, òkè òkun náà kò pé. Bí táyà rẹ bá jò ní ìgbèríko Faransé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ìwọ àti nọ́ńbà adójútòfò rẹ ni, kí o máa retí ọkọ̀ agbọ́kọ̀. Bí o bá ṣubú ní Aṣerò l'Abẹ́òkúta, kí o tó mọ ibi tó ń dùn ọ́, èrò ti gbé ọ dìde, ẹnì kan ti gbé ọ̀kadà rẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, fọkanáísà kò sì jìnnà. Nílé, kò sí ẹni tó ń dá rìn, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ òun nìkan ló wà lórí ọ̀kadà. Ohun tí owó ń rà níbí, ọ̀fẹ́ ni lọ́hùn-ún.

Ẹ̀mí àjọṣe yìí gan-an ló yẹ kí a fi kọ́ ohun tí a kò ní. Àáró ni Lísàbí lò tó fi kó Ẹ̀gbá jọ: lónìí, oko tìrẹ, lọ́la, oko tèmi, títí ọ̀wọ́ àgbẹ̀ fi di ọmọ ogun tó gba wa lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Ọlọ́kadà tó ti gùn ún fún ogún ọdún láì pa èrò lára wà ní gbogbo gáréèjì, láti Láfẹ́ńwá dé Ọ̀bàǹtokò. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà mú díẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n yá pápá ilé-ìwé ní Sátidé, kí irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ẹni tí kò bá gba ẹ̀kọ́ náà má gba nọ́ńbà ẹgbẹ́.

Àwa tókè òkun ńkọ́? Ọdọọdún la ń dáwó fún ọdún Lísàbí, tí a ń rán aṣọ ẹgbẹ́jọdá, tí a ń fi fọ́tò dánra. Ìwé owó ti ọdún tó ń bọ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn akápò wa. Kí wọ́n fi ìlà méjì kún un: owó akoto fún ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀, àti owó olùkọ́. Bí a bá lè pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù gun alùpùpù bọ̀, a lè sanwó kí ẹni tó gbé ìyá wa láti Ìtọ́kò lọ sí Ìtòkú gbé wọn padà sílé láyọ̀.