Ẹ Wo Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Kí Ẹ Tó Wọ Ọ̀nà Oko

Nígbà tí òjò oṣù Òkúdù bá rọ̀ títí tí ojú ọ̀nà oko kòkó lẹ́yìn Ìdànrè, ìlú olókè àpáta, fi dà bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, nígbà náà ni awakọ̀ tó ń mọ̀ pé, bí ó ti wù kí ẹ́ńjìnnì lágbára tó, bí táyà kò bá rí ilẹ̀ dì mú, yíyí lójú kan ni yóò máa yí, tí yóò sì máa gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò gbà fún un. Táyà sì ni ọlọ́kọ̀ fi ń kọ̀ fún ẹrẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta táyà tòkunbọ̀, dídán tí wọ́n fi epo pa sí táyà lára ni à ń wò, bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ kò mọ dídán. Eyín rẹ̀ ni kí ẹ wò. Eyín tí ó ga, tí àlàfo àárín rẹ̀ fẹ̀, tí àlàfo náà sì já sí etí, ni í bu ẹrẹ̀ jẹ tí í sì í tu ú dànù bí táyà ti ń yí; èyí tí eyín rẹ̀ wẹ́ tí ó sì fún, ẹrẹ̀ yóò dí i pa, yóò sì di ọ̀bọ̀rọ́.

Síbẹ̀, n kò ní kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lo ọjọ́ mẹ́rin lórí ọ̀dà kí ó tó wọ oko ní ọjọ́ kan ra táyà eléyín gàǹgà tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀ nìkan; ariwo rẹ̀ kò kéré, ó ń jẹ epo, kì í sì í di ọ̀dà tútù mú dáadáa. Èyí tí ó wà láàrin méjèèjì, tí a sábà ń rí A/T lára rẹ̀, ni ó bá a mu.

Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: lẹ́yìn nọ́ńbà táyà, bí irú 195R15C, ẹ wá lẹ́tà C, nítorí òun ni àmì táyà akẹ́rù. Àpò kòkó kan tó kílò 64. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ ti ń lọ sí tọ́ọ̀nù kan, táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yóò sì gbóná lábẹ́ rẹ̀ títí yóò fi bẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn àmì DOT pẹ̀lú: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, rọ́bà tí ó sì ti gbó, eyín gíga kò lè gbà á.

Bí owó kò bá tó mẹ́rin, ẹ kọ́kọ́ ra méjì tí ó jọra fún ẹ̀yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì Hiace ti ń ti ọkọ̀ síwájú. Fọkanáísà tí ń fi ẹsẹ̀ ta táyà dípò kí ó fi géèjì wọ̀n ọ́n, ẹ sá fún un. Nínú ẹrẹ̀ rírọ̀, bí ẹrù kò bá pọ̀, ẹ lè dín atẹ́gùn kù díẹ̀ kí táyà lè tẹ́ sílẹ̀ kí ó sì di ilẹ̀ púpọ̀ mú, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gun ọ̀dà, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i padà. Ìdí nìyẹn tí pọ́ǹbù ẹlẹ́sẹ̀ kan fi yẹ kí ó wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀.